Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́: ọ̀rọ̀ lẹ́sìn sáà tuntun

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ibi ìnáwó la ti sábà máa ń pa òwe yìí, tí ìrẹsì bá pẹ́ dé, a ó rẹ́rìn-ín, ó parí. Àmọ́ oṣù kẹsàn-án tún ti dé, súkúù ti wọlé, gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ lẹ́sìn (ẹ̀kọ́ àfikún olówó tọ́mọ ń ṣe lẹ́yìn tí súkúù bá jáde), eélòó ni, tíṣà wo ló mọ Maths jù, aago mélòó ni wọ́n máa jáde, mi ò tíì gbọ́ kí ẹnì kan béèrè ohun tọ́mọ máa jẹ láti aago méjì lọ.

Ọmọ jí ní aago márùn-ún àbọ̀, ó fi ìkánjú mu ògì (ẹni tó ń gbé Ìkòròdú tọ́mọ rẹ̀ ń lọ súkúù ní Kétu mọ ohun tí mò ń sọ), ó jẹ ìrẹsì inú kúlà ní bíréèkì, kó tó di aago méjì ìrẹsì yẹn ti dà. Ìgbà yẹn gan-an ni lẹ́sìn ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Páànù ti gbóná, ọmọ ọ̀hún fọwọ́ lérán lórí bẹ́ńṣì, ó ń da 7/8 kọ láti ojú bọ́ọ̀dù, ó di 8/7 nínú ìwé ẹ̀, tíṣà ní ọ̀lẹ ni. Ọ̀lẹ kẹ̀! Ikùn ló ń pariwo.

Ìjọba gan-an mọ̀ pé òótọ́ lòwe yìí. Ọ̀ṣun gbé O'Meals, ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ fọ́mọ súkúù, dé ní 2012, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 2016 fáwọn ọmọ praimárì kìíní sí ìkẹta ní súkúù ìjọba. Èyí tó ń múra Kọ́mọ̀n Éńtíráǹsì ní praimárì karùn-ún ńkọ́? Òun ò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ni wọ́n ń dá dúró títí ilẹ̀ á fi fẹ́ẹ̀ ṣú, nínú òjò tá a wà yìí.

Ẹ máa ní owó dà? Òótọ́ ni. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, owó ọkọ̀ ò ṣeé gbọ́ sétí, tíṣà lẹ́sìn náà lè má tíì jẹun, owó lẹ́sìn yẹn ló fi ń wọkọ̀ délé, ẹ má bínú sí i. Àwọn tó ń fi kókó iṣẹ́ pamọ́ láàárọ̀ torí kọ́mọ lè sanwó lọ́sàn-án, àwọn yẹn lẹjọ́ tiwọn lọ́tọ̀.

Tèmi ni pé ká dín lẹ́sìn kù, ká fi oúnjẹ sí i. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó ọmọ kékeré. Tí bẹ́ẹ̀lì aago méjì bá ti lù, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú jẹun, kí wọ́n sá eré, kí wọ́n tó fọwọ́ kan bírò. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ẹ̀yin PTA, dípò ká máa jà lórí aṣọ tá a máa wọ̀ lọ́jọ́ graduation, ẹ bá ìyá tó ń ta mọ́ín-mọ́ín lẹ́bàá géètì sọ̀rọ̀, ẹ fún un lówó sílẹ̀, kó máa gbé mọ́ín-mọ́ín àti ẹ̀kọ wọlé láago méjì. Òbí tówó ò bá sí lọ́wọ́ ẹ̀, kó mú kóńgò ẹ̀wà kan wá níbẹ̀rẹ̀ sáà, ìyá náà á gbà á.