Àyà Mi, Pátákó Olówó

Ẹ wo ọkùnrin kan lóde ìnáwó, tó wọ agbádá tó sì de bẹ́líìtì Gucci sábẹ́ rẹ̀. Ìyà ń jẹ ẹ́. Ṣebí agbádá ló ń bo èèyàn láti ọrùn dé orúnkún, ibi tí bẹ́líìtì wà kò sì sí ojú tó dé ibẹ̀. Ló bá ń ká apá agbádá sí èjìká: ti ọ̀tún bọ́, ó ká ti òsì, ìyẹn náà bọ́. Wọ́n gbé ìrẹsì wá, kò lè jókòó dáadáa, nítorí bó bá jókòó, ikùn á bo G méjèèjì mọ́lẹ̀. Okùn sì ni ṣòkòtò náà ní o, kò fìgbà kan bẹ̀bẹ̀ fún bẹ́líìtì.

Mi ò ní ká má gbáfẹ́. Kí wọ́n tó dá Gucci sílẹ̀ ní Florence ní 1921 la ti ń wọ sányán àti ẹtù. Ṣùgbọ́n ahunṣọ Ìsẹ́yìn kì í kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ẹni láyà. Ẹni tó mojú aṣọ á mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kó máa lọ. Ní báyìí, àwọn kan wà tí kì í tú àmì kékeré tí wọ́n fi òwú gán mọ́ apá kóòtù, èyí tó jẹ́ pé títú ni wọ́n ń tú u. Bí ẹ̀gbọ́n bá gbọ́wọ́ sókè nínú ìsìn, àmì yẹn ló kọ́kọ́ ń yin Olúwa.

Ibi tó dùn jù ni ti ẹ̀wù bọ́ọ̀lù. Láti 2006 ni Emirates ti wà láyà ẹ̀wù Arsenal: ẹ wá wọ bààlúù wa. Ẹ wá wo kọ̀ndọ́ tó rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn dáńfó láti Òṣòdì, tó ń pariwo “Ẹ wọlé pẹ̀lú séńjì yín o!”, tó sì ń fi àyà kan náà pe èrò sí bààlúù Dubai. Ní 2018 wọ́n tún fi Visit Rwanda kún un lápá. Ọmọ tí kò tíì dé Abẹ́òkúta ló ń pe aráyé sí Kigali! Ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ tó ń ṣe Manchester United ti polówó AIG, ó ti polówó Aon, iléeṣẹ́ adójútòfò méjì léra wọn, bẹ́ẹ̀ ọ̀kadà tó ń gùn kò ní ìwé kankan.

Wọ́n ní ìfẹ́ ni. Ó yé mi, bí aṣọ ẹbí ló rí, kí ará ilé lè dá ará ilé mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra aṣọ ẹbí mọ̀ pé ìrẹsì ń bọ̀, ó mọ̀ pé òun á gbé ike kan délé. Ta ni Emirates ti fún ní omi inú ọ̀rá rí?

Carolyn Davidson, akẹ́kọ̀ọ́ tó ya àmì Nike ní 1971, dọ́là 35 ni wọ́n kọ́kọ́ san fún un. Owó kékeré ni, àmọ́ wọ́n ṣáà san án. Ìwọ tó ń gbé e kiri ìgboro lójoojúmọ́, ìwọ lo ń sanwó fún wọn. Ẹni tó ra ayédèrú rẹ̀ ní Yaba tún wá ya mí lẹ́nu jù: ó ń polówó fún ọ̀gá tí kò mọ̀ ọ́n, tó sì lè pè é lẹ́jọ́.

LASAA ló ń bà mí lẹ́rù. Láti 2006 ni ìjọba Èkó ti dá wọn sílẹ̀ láti máa mójú tó pátákó ìpolówó kí wọ́n sì máa gbowó lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbọ́ pé pátákó ti kúrò lára ògiri, pé ara èèyàn ló wà, wọ́n á gbé téèpù dúró lẹ́nu gbọ̀ngàn. Ti àyà á ní iye tirẹ̀. Ti ìdí á wọ́n jù, nítorí òun ló kọjú sí èrò ẹ̀yìn. Ẹ̀yin tí fìlà, ẹ̀wù, ṣòkòtò àti bàtà yín jẹ́ Balenciaga lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ tètè lọ máa bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀dínwó.