Lápàdé dà nínú fíìmù wa?

Gbogbo ìgbà la máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ṣe fíìmù Yorùbá pé ìtàn gidi ló wọ́n, àwa ò gbà o, torí ìtàn ti wà nílẹ̀ láti 1969 tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ti gbé ìwé ìtàn ọ̀daràn rẹ̀, Àjà Ló Lẹrù, jáde, tó tún gbé Àgbàlagbà Akàn tẹ̀lé e ní 1971. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni bàbá yìí, 1929 ni wọ́n bí i, tíṣà ni, 2019 ló sì papò dà. Lápàdé tó fi ṣe akọni ìwé méjèèjì, ọlọ́pàá tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ ni, àmọ́ kò lè rí ọ̀daràn kó mójú kúrò. Nígbà tí àwọn ọmọ sùkúù ń fi ìwé ìtàn ọ̀daràn tí James Hadley Chase fi Gẹ̀ẹ́sì kọ pamọ́ sábẹ́ tábìlì, Yorùbá ni Òkédìjí fi ń kọ tiẹ̀, ìjà ń lọ, òwe ń lọ, o ò ní lè gbé ìwé yẹn sílẹ̀.

Ṣé ẹ rántí Ó Le Kú? Ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni, 1974 ló jáde, nígbà tí Túndé Kèlání wá sọ ọ́ di fíìmù ní 1997, àní ìró àti bùbá kékeré ayé ìgbà yẹn tún padà dé, olékù la ń pè é títí dòní. Kí ló dé tí ti Lápàdé ò lè rí bẹ́ẹ̀?

Ohun tó ń dùn wá jù rèé: ẹnì kan nínú wa wá Àgbàlagbà Akàn dé ọjà ìwé, fọ́tókọ́pì ni wọ́n tà fún un, ojú ewé mẹ́rin ò sí níbẹ̀, kọ́bọ̀ ò sì dé ọ̀dọ̀ ẹbí ẹni tó kọ ọ́. Kí ẹ̀yin onífíìmù náà má lọ yí orúkọ Lápàdé padà kẹ́ ẹ wá ní tiyín ni o. Òfin kọ́píráìtì 2022 ní àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé ni iṣẹ́ rẹ̀ fi jẹ́ ti àwọn tó jogún rẹ̀, ìyẹn gbé e dé 2089.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tẹ̀wé, ẹ tún un tẹ̀, ẹ sì gbé e sórí fóònù. Ẹ̀yin pródúsà, ẹ lọ bá àwọn ẹbí, ẹ tọwọ́ bọ̀wé, ẹ sanwó, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ Òkédìjí gàdàgbà síbẹ̀rẹ̀ fíìmù, kì í ṣe ìparí, nígbà tí gbogbo èèyàn ti ń dìde lọ.