Fáìlì PR Kì Í Ṣe Gbèsè Òṣómàáló

Bí ẹ bá ń dúró de PR Kánádà, ìyẹn àṣẹ láti máa gbé ibẹ̀ títí lọ, ní Iléṣà níbí, tí oṣù mẹ́fà bá ti kọjá lẹ́yìn tí ẹ fi ìwé sílẹ̀, ẹ ó ti gbọ́ ìbéèrè yìí: "Ṣé kò sẹ́ni tó lè bá yín ti fáìlì náà síwájú ni?" Onídìrí mi ní Àdẹ̀tì bi mí. Ìyàwó pásítọ̀ wa bi mí. Màmá mi ò tiẹ̀ bi mí ní tiẹ̀. Ó ti lọ bá ọkùnrin kan ní Ìṣọ̀kùn tó ní òun ní èèyàn lábẹ́nú ní Abuja, ó sì ti san ₦80,000 àsansílẹ̀ kí n tó gbọ́ sí i.

Fáìlì PR kò ṣeé tì. Kò sẹ́ni tó ń tì í, kò sí owó tó ń tì í.

Mo mọ ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti ṣẹ̀. Ọmọ òṣómàáló ni wá. Bàbá tó bí màmá mi ta aṣọ àwìn dé ọ̀nà Àkókó. Tí ọjọ́ owó bá pé, á lọ sẹ́nu ilé onígbèsè, á lóṣòó. Kò ní jókòó sórí àga tí wọ́n bá gbé fún un, kò ní mu omi wọn, títí owó á fi jáde. Ní ọ́fíìsì tiwa náà, ẹni tí kò bá lọ dúró ti fáìlì rẹ̀, eruku ló máa bò ó. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ká ti fáìlì Kánádà, ohun tó ti ṣiṣẹ́ fún un nílé ló ń sọ. Kì í ṣe òmùgọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹnu ilé ta lẹ fẹ́ lọ lóṣòó sí? Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti ń fi ìwé Express Entry, ètò tí Kánádà fi ń yan òṣìṣẹ́ tó fẹ́ PR, ránṣẹ́ látìgbà tí ètò náà ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kínní 2015. Òṣìṣẹ́ IRCC, iléeṣẹ́ ìjọba Kánádà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú, ló ń yẹ ìwé wò, òun náà ló ń pinnu. VFS, iléeṣẹ́ tí a ń lọ tẹ̀ka níbẹ̀ l'Ékòó tàbí Abuja, ìka àti fọ́tò ni wọ́n ń gbà, wọn kì í dá sí ìpinnu. IRCC fúnra wọn ti kọ ọ́ síta pé ìwé ẹni tó gba aṣojú kò ní àǹfààní kankan lórí ìwé ẹni tó ṣe é fúnra rẹ̀. Aṣojú tó sì lè gbowó lábẹ́ òfin wọn, ẹni bíi lọ́yà tí ẹgbẹ́ lọ́yà Kánádà mọ̀ ni, tàbí olùdámọ̀ràn tó ní láísẹ́ńsì níbẹ̀. Ọkùnrin Ìṣọ̀kùn wa yìí, yàtọ̀ sí ti Kánádà, ó tún ń ta káàdì ìpè.

Ewu ibẹ̀ kò mọ sórí owó. Irú wọn á gba password yín, wọ́n á ní àwọn fẹ́ "tún nǹkan ṣe." Tí ìwé ayédèrú kan bá ti bá a wọlé, orúkọ yín ló wà lórí ìwé, ẹ̀yin lẹ parọ́. Ọdún 5 ni wọ́n máa fi ti ilẹ̀kùn mọ́ yín.

Oṣù 6 yẹn gan-an ló ń kó wa láyà sókè. Gbogbo ènìyàn mú un bí ọjọ́ ìgbéyàwó. Òṣùwọ̀n tí IRCC gbé kalẹ̀ fún ara wọn ni, pé kí àwọn parí ìdá 80 nínú 100 fáìlì láàárín àkókò náà. Ẹ gbọ́ apá tó kù: fáìlì kan nínú márùn-ún lè kọjá rẹ̀, IRCC á sì tún sọ pé àwọn ṣe dáadáa. Tèmi ti di oṣù 11. Wọn ò tíì kọ̀ mí, wọn ò sì tíì gbà mí.

Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń dúró dè. Ọ̀rẹ́ mi kan sọ pé òun ti dúró fún oṣù 14. Nígbà tí a jọ ṣí i wò, kò tíì fi ìwé kankan sílẹ̀! Profáìlì lásán, ìforúkọsílẹ̀ tí à ń fi dúró de ìpè láti fi ìwé sílẹ̀, ló ṣí. Oṣù 12 sì ni profáìlì ń lò. Tiẹ̀ ti kú láti oṣù méjì. Ẹni tó wà nípò yẹn kò gbọ́dọ̀ káwọ́ gbera. Pọ́ìntì 67 nínú 100 kàn ń ṣílẹ̀kùn láti wọlé ni, inú pọ́ìntì 1,200 ti CRS, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń to profáìlì léra, ni ìdíje wà. Kó tún IELTS, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, ṣe, kó kọ́ Faransé tí agbára rẹ̀ bá gbé e, nítorí ẹni tó bá ti pé ọgbọ̀n ọdún, ọdọọdún ni pọ́ìntì ọjọ́ orí rẹ̀ ń dín. Tí ìpè bá dé, ọjọ́ 60 ló ní láti kó ìwé jọ. Ìgbà tó bá fi ìwé yẹn sílẹ̀, tó sì pé, ni kíkà oṣù 6 bẹ̀rẹ̀.

Kí ló wá ń fa ìdádúró? Nígbà mìíràn, kò sí ohun tí ẹ ṣe. Ìwádìí ààbò wà tí àwọn iléeṣẹ́ mìíràn bíi CSIS, iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Kánádà, ń bá wọn ṣe, IRCC náà ń dúró dè é bí ẹ ti ń dúró. Nígbà mìíràn, ọwọ́ wa ni. Orúkọ kan lórí WAEC, òmíràn lórí pásípọ́ọ̀tù, ti ọkọ lórí ìwé ọlọ́pàá (àwa Yorùbá sì mọ orúkọ jẹ́!). Ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ tí kò sọ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe gan-an, wákàtí mélòó lọ́sẹ̀, èló lowó oṣù. Tí wọ́n bá sì ní kí ẹ tún àyẹ̀wò ara ṣe, kò túmọ̀ sí pé wọ́n rí àrùn lára yín. Oṣù 12 ni èsì rẹ̀ ń lò.

Èyí tó burú jù lọ nínú ìmọ̀ràn tí wọ́n ń gbà wá ni ti ọmọ. Nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi kan lóyún nígbà tí fáìlì rẹ̀ wà nílẹ̀. Wọ́n ní kó má sọ, pé tí wọ́n bá gbọ́, fáìlì á padà sẹ́yìn, kó dé ọ̀hún kó tó ránṣẹ́ pe ọmọ. Háà! Ọmọ tí ẹ kò dárúkọ rẹ̀, tí wọn kò yẹ̀ wò kí ẹ tó wọ Kánádà, abala 117(9)(d) nínú ìlànà wọn lè mú kó má ṣeé pè mọ́ gẹ́gẹ́ bí ará ilé. Àwọn kan rí àánú gbà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ọmọ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́? Ẹlẹgbẹ́ mi sọ fún wọn. Ó fi ìwé ìbí ránṣẹ́, ó gba pásípọ́ọ̀tù fún ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni, ó fi oṣù díẹ̀ kún un. Fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí IRCC ní fún ìbéèrè, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló wà fún: ọmọ tuntun, ìgbéyàwó, pásípọ́ọ̀tù tuntun, àdírẹ́sì tó yí padà. Kì í ṣe fún "ẹ jọ̀ọ́ ẹ wo tèmi" ní gbogbo ọjọ́ Ajé, èyí tí èmi náà ti ṣe rí, tójú sì ń tì mí.

Màmá mi gbọ́ gbogbo àlàyé yìí tán, ó dákẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó gba Ìṣọ̀kùn lọ láì sọ fún ẹnikẹ́ni, ó lóṣòó sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin yẹn. Aago mẹ́ta ọ̀sán ti lù kó tó dé. ₦80,000 rẹ̀ pé lọ́wọ́ rẹ̀.