"Tí mo bá ti di ọ̀jọ̀gbọ́n, ó parí": irọ́ tí ọkàn ń pa fún wa

Wọ́n ní kò sí agbo ilé tí kò ní ọ̀jọ̀gbọ́n ní Èkìtì. A máa ń rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n a kì í jiyàn. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ń sọ láti ọdún pípẹ́ ni pé, "Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀jọ̀gbọ́n yìí ná, inú mi á máa dùn títí ayé."

Ó gbà á. Odó mẹ́ta ni wọ́n fi gúnyán lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ náà. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, mo bá a nílé rẹ̀ ní Adó, ó ká ṣòkòtò sókè, ó ń fa okùn jẹnẹrétọ̀, òógùn bò ó. Mo ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n wa!" Ó ní, "Ṣé òun ló máa tan iná ni?"

Ẹ má pè é ní aláìmoore. Ní 1998, Daniel Gilbert, Timothy Wilson àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn olùkọ́ Yunifásítì Texas ní Austin, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Lọ́hùn-ún, tó bá tó àkókò kan, wọ́n á fún olùkọ́ ní iṣẹ́ àṣefẹ̀yìntì, tàbí kí wọ́n ní kó máa lọ. Àwọn tí kò tíì débẹ̀ gbà pé ẹni tó bá rí i gbà á láyọ̀ ju ẹni tí kò rí i gbà lọ fíìfíì, fún ọdún bíi márùn-ún. Wọ́n wá bi àwọn tó ti kọjá ibẹ̀ léèrè. Inú àwọn tó rí i gbà kò fi bẹ́ẹ̀ dùn ju tàwọn yòókù lọ.

Tá a bá ń ro ọjọ́ iwájú, aṣọ oyè nìkan là ń rí, a kì í rí okùn jẹnẹrétọ̀. Ara sì tún máa ń mọ́ni. Ẹ ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná Ìkógòsì: ẹ̀ẹ́ kọ́kọ́ ta kìjí, láìpẹ́ ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára mọ́, àfi tẹ́ ẹ bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ omi tútù.

Ẹni tí nǹkan bọ́ mọ́ lọ́wọ́ ńkọ́? Ọkàn á wá ibi tó máa sinmi lé. Tiwa ni "Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n ṣe." Àwọn kan ní ẹ̀tàn ni. Lójú tèmi, iṣẹ́ gidi ni ọkàn ń ṣe níbẹ̀, a kì í sì í kà á mọ́ ọn nígbà tá a bá ń bẹ̀rù.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ti ibẹ̀ sọ pé kò sóhun tí ara kì í gbà. Àwọn olùwádìí tẹ̀lé àwọn èèyàn fún ọdún 15 ní Jámánì. Ní ìpíndọ́gba, àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn kò padà pátápátá sí bí ìtẹ́lọ́rùn wọn ṣe wà tẹ́lẹ̀, kódà lẹ́yìn tí wọ́n rí òmíràn. Nítorí náà, ẹ má sọ fún àbúrò yín tí kò níṣẹ́ pé ó máa mọ́ ọn lára.

Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Ó ní tí òun bá ti fẹ̀yìn tì padà sóko kòkó bàbá wa, inú òun á máa dùn títí ayé.