Ta ló ń rántí pé ó yẹ ká rántí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí síta kí n tó sùn, torí láti àná ló ti ń jẹ mí lọ́kàn. Fídíò kan ló bọ́ sí mi lójú lórí fóònù. Obìnrin kan tí ilé rẹ̀ mọ́ tónítóní, tí gbogbo ẹrù rẹ̀ wà nínú ike tí wọ́n kọ orúkọ sí lára, ló ń kọ́ wa pé bí ìyá ọlọ́mọ bá lè máa jí ní aago mẹ́rin ìdájí, kó kọ gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ náà sínú ìwé, kó sì fi bírò aláwọ̀ oríṣiríṣi yà wọ́n sọ́tọ̀, ara á tù ú. Àwọn èèyàn ń kọ "ẹ ṣé mà, ẹ ti là wá lójú" sábẹ́ rẹ̀ lọ súà.

Aago mẹ́rin! Ẹni tí ọmọ jí lẹ́ẹ̀mejì lóru, ìgbà wo ló fẹ́ kó sùn?

Mo ní irú ìwé yẹn márùn-ún nílé. Ojú ìwé mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan dà bí iṣẹ́ ayàwòrán. Ìyókù funfun báláú.

Mi ò sọ pé ètò ò dáa o, ẹ má gbọ́ mi sódì. Aṣọ ilé ìwé tí a ti lọ̀ sílẹ̀ lálẹ́ máa ń dín ariwo àárọ̀ kù, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe ìwé la ò ní. Orí kan ṣoṣo ni gbogbo ilé ń di ẹrù lé, orí ọ̀hún sì ni tèmi.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa. Kíláàsì ọmọ mi kejì fẹ́ jáde lọ ṣeré. Ilé ìwé ní kí òbí fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, kí wọ́n dá a padà kó tó di ọjọ́bọ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, mò ń rántí pé abẹ́rẹ́ àjẹsára àbíkẹ́yìn ti tó. Pé bàtà àkọ́bí ti ń há a lẹ́sẹ̀. Pé oògùn ikọ́ ti ń tán lọ nínú ìgò. Pé ọ̀gá mi ń retí iṣẹ́ lọ́jọ́rú. Fọ́ọ̀mù wà nínú báàgì mi, lábẹ́ kọ̀ǹpútà, ó rọra jókòó síbẹ̀. Ọjọ́ ẹtì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí ọmọ dé lọ́sàn-án, ojú rẹ̀ ti wú: "Mọ́mì, èmi nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀."

Mo lọ sá pamọ́ sí ilé ìwẹ̀.

Nígbà tí mo jáde, Dádì wọn ní (ohùn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́ o), "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi? Ká ní o sọ fún mi ni, ǹ bá ti fọwọ́ sí i." Irọ́ kọ́. Wọ́n ń fọ abọ́, wọ́n ń wẹ ọmọ, wọn kì í sá fún iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbé gbólóhùn yẹn yẹ̀ wò. Dádì, kí n tó sọ fún yín, èmi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé fọ́ọ̀mù wà, kí n mọ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbà á, kí n ṣọ́ ìgbà tí ẹ ráyè, kí n sọ ọ́, kí n tún bi yín lálẹ́ bóyá ẹ ti ṣe é. Ìfọwọ́sí ò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Èyí tó kù ńkọ́?

Onímọ̀ nípa àwùjọ kan ní Amẹ́ríkà, Allison Daminger, fọ̀rọ̀ wá tọkọtaya 35 lẹ́nu wò lórí nǹkan yìí, ó sì gbé e jáde lọ́dún 2019. Ó pín iṣẹ́ inú orí yìí sí mẹ́rin: ríronú ṣáájú pé nǹkan kan ń bọ̀, wíwá ọ̀nà tí a lè gbé e gbà, pípinnu, àti ṣíṣọ́ ọ títí yóò fi parí. Tó bá di ìpinnu, tọkọtaya sábà máa ń jọ ṣe é. Ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn, ọrùn ìyàwó ló wà jù. Nígbà tí mo kà á, mo pariwo ní ọ́fíìsì. Nelson Cowan, onímọ̀ nípa bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́, náà ti kọ ọ́ lọ́dún 2001 pé nǹkan bíi 4 péré ni ọpọlọ lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ mẹ́ta, ọkọ kan, ó ti kún. Iṣẹ́ oṣù ńkọ́? Èmi fúnra mi ńkọ́?

Mo bá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ilé ìwé, ẹ gbé gbogbo rẹ̀. Ẹ má ràn mí lọ́wọ́, ẹ gbà á." Wọ́n gbà. A yọ nọ́ńbà mi kúrò nínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn òbí, a fi tiwọn sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, oorun dùn mọ́ mi lójú.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ wọ aṣọ eré ìdárayá lọ lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ eré. Tíṣà gbé fóònù, ta ni wọ́n pè? Èmi. Nọ́ńbà Dádì ló wà nínú ẹgbẹ́ o, tiwọn náà ló wà nínú ìwé ilé ìwé, èmi ni tíṣà pè. "Ẹ ǹ lẹ́ mà, ṣé kò sí nǹkan nílé?"

Ohun tí mo wá ṣe lẹ́yìn náà, ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Mo bẹ ìyá ọmọ kíláàsì kan pé kó máa fi ọ̀rọ̀ inú ẹgbẹ́ yẹn ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀. Dádì wọn rí i lórí fóònù mi lọ́jọ́ Àìkú. Wọn ò bínú. Wọ́n kàn ní, "Ṣé o gbé e fún mi ni, àbí o yá mi?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ṣé kí n sọ pé tí nǹkan bá yẹ̀, èmi ni gbogbo èèyàn máa bi? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí tíṣà tó pè rárá ni mo ti ń dìde lóru lọ yẹ báàgì ọmọ wò, lẹ́yìn tí Dádì wọn bá ti palẹ̀ ẹ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tó rán mi.

Ẹ̀yin ìyá tó gbé nǹkan sílẹ̀ tí ẹ ò padà lọ yọjú wò ó, báwo lẹ ṣe ṣe é? Ìyá kíláàsì yẹn ṣì ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Mẹ́ta ló wọlé lónìí, mo sì ti ka gbogbo wọn.