Ilé Làbọ̀ Sinmi Oko

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó kọjá ni àbúrò mi kan pè mí lórí fóònù pé kí n múra kí a jọ jáde. Mo ní mo ti wọ aṣọ ilé, ìwé ni mo sì ń kà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń kí aláìsàn: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ara yín yá? Àbí owó ló wọ́n?" Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú. Ó ti wá di pé ẹni tó bá jókòó sílé rẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, bí kì í bá ṣe àìsàn ló dá a dùbúlẹ̀, a jẹ́ pé àìlówó lọ́wọ́ ló ṣe é.

Ilé làbọ̀ sinmi oko, ni àwọn àgbà wí. Ẹni tó re oko, bó pẹ́ bó yá, yóò wálé wá sinmi. Ṣùgbọ́n àwa ti sọ ilé di ibi tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, a sì ti sọ fàájì di oko mìíràn tí a ń lọ ro. Ẹni tó ṣiṣẹ́ láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè yóò sáré wọlé, yóò bọ́ bàtà kan, yóò ki ẹsẹ̀ bọ òmíràn, ó tún di títì. Bó bá débẹ̀, yóò ya fọ́tò, yóò gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò wá máa ka iye ẹni tó ti rí i, nígbà tí ẹni tó jókòó tì í náà tẹjú mọ́ fóònù tirẹ̀. Ọ̀gànjọ́ ni yóò padà dé, tí yóò máa ráhùn pé ó ti rẹ òun. Ta ló rán an?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́: n kò ní kí a ti ilẹ̀kùn mọ́ra wa. Ìjáde ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan dùn, ohun tó sì mú un dùn ni pé ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni. Ohun tó bá ti mọ́ ọkàn lára, adùn rẹ̀ a máa dínkù, a ó sì máa wá èyí tó jù ú lọ. Epicurus, ọlọ́gbọ́n ará Gíríìsì tí àwọn Òyìnbó ń fi orúkọ rẹ̀ pe jayéjayé títí dòní, mọ èyí dájú. Ọgbà kan ló rà ní ìlú Áténì, ní nǹkan bí ọdún 306 ṣáájú ìbí Kristi, níbi tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń jẹ búrẹ́dì, tí wọ́n sì ń tàkúrọ̀sọ. Nígbà tó fẹ́ ṣe àsè, wàràkàṣì díẹ̀ ló ní kí ọ̀rẹ́ kan fi ránṣẹ́.

Àbúrò mi yìí kan náà ti yà sọ́dọ̀ mi rí, ó ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni òun fẹ́ lò. Kò tíì jókòó dáadáa tí òjò fi dé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dìde lọ ṣí aṣọ fèrèsé wò. Nígbà tó di ẹ̀kẹrin, kò dìde mọ́. A ń sọ̀rọ̀ bàbá wa, a ń rẹ́rìn-ín, kí n tó ṣẹ́jú, ó ti gbé orí lé apá àga, ó ń hanrun. Nígbà tó jí, ó ní ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí òun ti sùn bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Wákàtí 7, ó kéré tán, ni àwọn oníṣègùn ní kí àgbàlagbà máa sùn. Èwo ni ẹni tí aago méjì òru bá lóde yóò rí sùn nínú rẹ̀?

Yóò ní àwọn ọ̀rẹ́ ńkọ́? Ìwádìí kan tí Yunifásítì Harvard bẹ̀rẹ̀ ní 1938, tí wọ́n fi ń tẹ̀lé ìgbé ayé àwọn ọkùnrin kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, fi hàn pé àjọṣe tó dán mọ́rán wà lára ohun tó ń mú ara le, tó sì ń mú ayé gún. Àjọṣe ni wọ́n wí, wọn kò wí ariwo. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́; àńjọ̀fẹ́ kú, a kò rí ẹnì kan. Nínú ogún ènìyàn tó ń fà ọ́ jáde, mélòó ló lè bá ọ jókòó fún wákàtí kan láìsí orin tí yóò bá yín bo ìdákẹ́jẹ́ mọ́lẹ̀? Kí tilẹ̀ ló wà nínú ilé yín tí ẹ ń sá fún? Ìwé tí ẹ rà lésìí ṣì wà nínú ọ̀rá. Àga tí ẹ fi owó ńlá rà, aṣọ tí ẹ bọ́ sílẹ̀ ló ń jókòó lé e.

Ní ti ìwọ àbúrò mi, bí o bá tún pè mí ní Sátidé tó ń bọ̀, ara mi yá, owó sì wà lọ́wọ́. Mo wà nílé ni.