Kì í ṣe ìpara olówó gọbọi ni awọ ẹni tó ti lé lógójì ọdún ń fẹ́

Bí èèyàn bá ti lé lógójì ọdún, tó wo dígí, tó rí i pé ẹ̀gbẹ́ ojú òun ti ń hunjọ, ìmọ̀ràn kan náà ni yóò máa gbọ́ lẹ́nu tọ̀rẹ́-tojúlùmọ̀: "Pọmáàdì tí o ti ń lò tipẹ́ kò lè ṣe é fún ọ mọ́. Wá owó, kí o ra ojúlówó." Ojúlówó yìí, lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ni èyí tó wọ́n. Wọ́n á ní kó ra ọṣẹ ìfọjú, kó ra tónà, kó ra serum ti àárọ̀ àti ti alẹ́, kó ní ìpara abẹ́ ojú, ìpara ọrùn, ìpara ọ̀sán àti ti òru. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá gbé gbogbo ìyẹn á wá máa rò pé òun ti pa ara òun tì.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ pé àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn yìí ń purọ́. Tọkàntọkàn ni ọ̀pọ̀ wọn fi gbà á gbọ́. Àmọ́ ohun tí ìwádìí ti fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́ fún awọ tó ti ń dàgbà kò ju mẹ́ta mẹ́rin lọ, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ẹ kò lè rí èyí tí kò wọ́n rà. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ẹni tó ń fi owó bùkátà ra ìgò kékeré tí kò lè ṣe ju ohun tí èyí tó pọ́ọ́kú ń ṣe lọ.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn ṣá. Awọ ara ń yí padà. Òróró tí ara máa ń sun fúnra rẹ̀ á dín kù, awọ á máa gbẹ, á máa yún ni, ọṣẹ tí kò ṣe ojú ní nǹkan kan tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Awọ tuntun kì í tètè gba ipò ti àtijọ́ mọ́. Ní ti àwa obìnrin, ìgbà tí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró ni ó máa ń hàn jù, torí estrogen, èròjà inú ara tó ń jẹ́ kí awọ nípọn kó sì lómi nínú, á já wálẹ̀. Kọ́lájìn, ìyẹn àwọn fọ́nrán tín-ín-tín tó gbé awọ ró, lè fi nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 dín kù láàárín ọdún 5 àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́jà ti rí wa mú. Kọ́lájìn ń dín kù lára wa, wọ́n sì po kọ́lájìn mọ́ ìpara, wọ́n ní ká fi dí àlàfo náà. Ó jọ ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìpara máa bá pàdé lára wa. Ìpele tó wà lókè pátápátá lára awọ ti kú; ó tò léra bí ìpẹ́ ẹja, ọ̀rá sì wà láàárín wọn. Ní ojú, gbogbo sísanra rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 mìlímítà kan lọ. Síbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó má jẹ́ kí ohun tó wà níta wọlé, ó sì mọ iṣẹ́ náà ṣe dáadáa. Ní ọdún 2000, àwọn olùwádìí méjì, Bos àti Meinardi, kọ ọ́ sílẹ̀ pé èròjà tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti ju 500 dalton lọ (dalton ni wọ́n fi ń wọn ohun tó kéré débi tí ojú kò lè rí i), agbára káká ni yóò fi gba ibẹ̀ kọjá. Kọ́lájìn tó odindi 300,000. Kò ríbi gbà wọlé. Orí awọ ni yóò jókòó sí, á fa omi díẹ̀ mọ́ra, ojú á dán, á sì bá omi lọ nígbà tí ẹ bá tún ojú fọ̀. Glycerin ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, ó sì wà lára àwọn èròjà tí owó wọn kéré jù lọ nínú ìpara.

Ẹ yí ìgò olówó gọbọi náà sẹ́yìn, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, òfin ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú èròjà ni kó ṣáájú, kí ìyókù tẹ̀ lé e bó ṣe ń dín kù. Omi ló sábà máa ń ṣáájú, lẹ́yìn náà glycerin, lẹ́yìn náà oríṣiríṣi òróró. Èyí tí kò bá tó ìdá 1 nínú 100, ibi tó bá wù wọ́n nísàlẹ̀ ni wọ́n lè kọ ọ́ sí. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ phenoxyethanol sí. Òun ni wọ́n ń fi sí i kí ìpara má bàa bàjẹ́. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù kò gbà kó ju ìdá 1 nínú 100 lọ. Bí ẹ bá wá rí i pé ewé, òdòdó tàbí wúrà tí wọ́n yà gàdàgbà síwájú ìgò, ẹ̀yìn phenoxyethanol ni orúkọ rẹ̀ wà, ẹ mọ̀ pé ìwọ̀nba bíńtín ló wà nínú rẹ̀. Retinol, irú fítámìn A kan, wà lára ìwọ̀nba èròjà tó ń ṣiṣẹ́ bó tilẹ̀ kéré báyẹn. Púpọ̀ nínú àwọn yòókù, orúkọ wọn ni wọ́n ń tà. Tí ẹ bá tún mú ìpara tí kò wọ́n, tí ẹ fi ìlà márùn-ún àkọ́kọ́ rẹ̀ wé ti olówó gọbọi, ẹ ó rí i pé wọ́n sábà máa ń jọra gan-an.

Consumer Reports, àjọ kan ní Amẹ́ríkà tó máa ń dán ọjà wò fún àwọn oníbàárà, ti gbé irú àwọn ìpara ìhunjọ bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Owó orí ìpara àti iṣẹ́ tó ń ṣe kò bára mu rárá. Ọ̀kan tó wọ́n jù wà lára àwọn tó kẹ́yìn. Àwọn tó tilẹ̀ ṣe dáadáa jù kò fi ìdá 10 nínú 100 dín jíjìn ìhunjọ kù, ojú lásán sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rí i. Àwọn ọ̀rọ̀ bíi "dókítà awọ ti yẹ̀ ẹ́ wò" tàbí "kì í bínú sí ara" náà, ẹ má jẹ́ kó gbowó lọ́wọ́ yín. Ní Amẹ́ríkà, kò sí ìlànà ìjọba kankan tó sọ ohun tí ìpara gbọ́dọ̀ ṣe kí wọ́n tó lè kọ ọ́ sí i lára.

Kí ló wá ń ṣiṣẹ́? Ìpara adènà-oòrùn ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ, bó bá sì jẹ́ ẹyọ kan péré lapá yín ká, òun ni kí ẹ rà. Ní ọdún 2012, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tó ń jẹ́ New England Journal of Medicine gbé àwòrán bàbá ẹni ọdún 69 kan jáde, tó ti fi ọdún 28 wa ọkọ̀ akẹ́rù. Apá òsì ojú rẹ̀, tó máa ń wà létí fèrèsé ọkọ̀, ti nípọn, ìhunjọ ibẹ̀ jìn wọnú, awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì ti sọ̀ wálẹ̀. Apá ọ̀tún dà bíi ti àbúrò rẹ̀. Ẹnì kan náà ni, ọjọ́ ìbí kan náà, ẹ̀jẹ̀ kan náà. Ìtànṣán oòrùn tí wọ́n ń pè ní UVA, èyí tó máa ń gba inú dígí kọjá, ló sọ ẹ̀gbẹ́ kan di arúgbó ṣáájú èkejì.

Ní ìlú Nambour ní Ọsirélíà, Adele Green àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí èèyàn 903 tí kò tíì pé ẹni ọdún 55. Wọ́n ní kí àwọn kan máa fi ìpara adènà-oòrùn pa ara lójoojúmọ́, wọ́n ní kí àwọn yòókù lò ó bó ṣe wù wọ́n. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni wọ́n ti gba àmì awọ wọn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀, wọn kò rí i pé awọ àwọn tó ń lò ó lójoojúmọ́ fi ohunkóhun gbó sí i. Ọdún 2013 ni àbájáde rẹ̀ jáde. Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí èyí dáadáa: ìpara SPF 15 ni wọ́n lò (SPF ni nọ́ńbà tó ń sọ bí agbára adènà-oòrùn ṣe tó). Kò sí wúrà nínú rẹ̀.

Àwọn aláwọ̀ dúdú máa ń sọ pé àwa kò nílò rẹ̀, awọ wa ti ní ààbò tirẹ̀. Ó ní in lóòótọ́. Ìwádìí kan ní ọdún 1979 fi hàn pé ààbò náà tó nǹkan bí SPF 13. Ìdí nìyẹn tí ìhunjọ fi máa ń pẹ́ kó tó yọ lójú wa. Àmọ́ nǹkan mìíràn ni oòrùn máa ń fi ṣe wá: àbàwọ́n dúdú ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iwájú orí, ojú tí àwọ̀ rẹ̀ kò dọ́gba mọ́. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí gan-an wà lára ohun tó ń fà á, ìdí sì nìyí tí ìpara adènà-oòrùn tó ní àwọ̀, tí wọ́n po iron oxide mọ́, fi dára jù fún ẹni tó ní irú àbàwọ́n bẹ́ẹ̀. SPF 30 ń dá nǹkan bí ìdá 97 nínú 100 ìtànṣán UVB, èyí tó máa ń jó awọ, dúró, SPF 50 ń dá nǹkan bí 98 dúró, ẹ má san àfikún owó nítorí nọ́ńbà gàgàrà. Pípọ̀ tí ẹ bá fi pa ló ṣe pàtàkì jù: ẹ fún un sórí ìka méjì láti ìdí dé orí, kí ẹ fi kan ojú àti ọrùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í lò tó ìlàjì ìyẹn, wọ́n á wá ní kò ṣiṣẹ́.

Èkejì ni ìpara tó ń dá omi dúró sínú awọ. Kò gba àròjinlẹ̀. Vaseline tí Robert Chesebrough gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní ọdún 1872 ṣì wà lára ohun tó ń ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa jù lọ láyé. Ẹni tí rorẹ́ máa ń yọ lójú rẹ̀ lè wá èyí tó fúyẹ́, tó ní glycerin. Ìgbà tí omi ṣì wà lójú díẹ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀ ni kí ẹ fi pa á, kí omi náà tó gbẹ. Ní ti ọṣẹ, ẹ wá èyí tí kò le, tí kò sì lóòórùn dídùn. Bí ojú bá ti ń fà le lẹ́yìn tí ẹ fọ̀ ọ́, ọṣẹ yẹn ti le jù. Alẹ́ nìkan ni ojú tó ń gbẹ nílò ọṣẹ. Omi lásán tó o láàárọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ohun tó ń dín ìhunjọ kù lóòótọ́, tretinoin ni, oògùn pípa tó jẹ́ ẹbí fítámìn A. Albert Kligman, dókítà awọ ní Yunifásítì Pennsylvania, ló ṣáájú nínú iṣẹ́ rẹ̀, fún rorẹ́ sì ni wọ́n kọ́kọ́ gbà á wọlé ní Amẹ́ríkà ní 1971. Àwọn obìnrin tó ti dàgbà díẹ̀ tí wọ́n ń lò ó wá ń sọ pé, yàtọ̀ sí rorẹ́, ojú àwọn ń dán sí i. Ní 1986 òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ẹ̀rí rẹ̀ jáde, ní 1995 FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, sì fọwọ́ sí i fún ìhunjọ tín-ín-rín. (Kò sì yẹ ká gbàgbé pé ara àwọn ẹlẹ́wọ̀n Holmesburg ní Philadelphia, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ni Kligman ti ṣe púpọ̀ nínú àwọn ìdánwò rẹ̀. Wọ́n jìyà kí ìmọ̀ yìí tó tẹ̀ wá lọ́wọ́.) Ó ti pẹ́ tí oògùn yìí ti kúrò lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tí èyí tí kò lórúkọ ńlá fi máa ń dín owó púpọ̀ sí ìpara olówó gọbọi.

Ìwé dókítà ni wọ́n fi ń rà á ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹ fi í lé alẹ́, lórí ojú gbígbẹ, èyí tí kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ fún gbogbo ojú. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ojú lè máa bó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì máa ń tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kí èrè rẹ̀ tó hàn. Kí aláwọ̀ dúdú má kánjú sí i rárá, torí ibi tó bá ti bínú lè dúdú. Ẹni tó lóyún tàbí tó ń wá oyún kò gbọdọ̀ lò ó, ẹni ọdún 45 tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò tíì dúró sì ṣì lè lóyún.

Ìgbà mìíràn, àkójọ ìgò mẹ́jọ náà gan-an ni àìsàn. Òórùn dídùn inú ìpara wà lára ohun tó sábà máa ń fa kí ara bínú, bí ìgò bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ni òórùn dídùn ń pọ̀ sí i. Ojú á pọ́n, á máa ta, ẹni náà á ní ọjọ́ ogbó ló fà á, á sì tún ra ìpara mìíràn lé e. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, kí ẹ fi ọṣẹ tí kò le, ìpara kan àti adènà-oòrùn nìkan tọ́jú ojú. Ìpara tó bá ṣèlérí pé àbàwọ́n dúdú á lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ yẹra fún un pátápátá. Irú rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń bá mẹ́kúrì nínú, mẹ́kúrì sì ń ba kíndìnrín jẹ́.

Owó tí ẹ bá yọ níbẹ̀, ẹ fi rí dókítà awọ bí ohun kan bá yọ tí kò yé yín: egbò tí kò jinná, àmì tó ń fẹ̀ tàbí tó ń yí àwọ̀ padà, ìlà dúdú tuntun tó yọ lábẹ́ èékánná. Ní ti àwa aláwọ̀ dúdú, ẹ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ àti àtẹ́lẹwọ́ pẹ̀lú, torí ibẹ̀ ni jẹjẹrẹ awọ tó burú jù sábà máa ń gbà yọ sí wa lára, kì í ṣe ojú tí gbogbo wa ń wò nínú dígí.